Aago Ní Àádọ́ta

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ṣílè ni mo ra ìwé yìí. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi ní, "Ìyàwó, ohun tó o rí, má jẹ́ kó sá mọ́ ọ lọ́wọ́." Bí mi ò bá kọ ọ́, ó máa sá. Orí mi ti dà rú láti ọjọ́rú. Kíláàsì márùn-ún ni mo kà. Ẹni tó bá rí i kó má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo rí nìyí. À ń ti Kyela bọ̀, èmi ni mo jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, Ambakisye, ọmọ wa Sekela wà lórí itan mi. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Ó ku díẹ̀ ká dé ọjà Lupalo, Ambakisye ní, "Ikupa, wo aago eré ọkọ̀ o, kó o lè jẹ́rìí mi. Àwọn oní-tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ lónìí." Àwàdà ló ń ṣe. Mo wo aago. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àádọ́ta gan-an, kò gbọ̀n. Àádọ́ta náà ni pátákó etí títì kọ. Ìyá àgbà kan ń sọdá, ó ru ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ń yọ̀ bí ẹni pé orí ọṣẹ ló wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ ba gíláàsì wa. Sekela rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

Ọlọ́pàá gbé tọ́ọ̀ṣì wọn wá, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wo eré ọkọ̀ láti òkèèrè. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló wà lójú ẹ̀.

"Ọ̀gá, àádọ́ta ni mo wà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ta lo fẹ́ purọ́ fún? Aago ọkọ̀ kì í bu eré kù fún èèyàn. Ńṣe ló ń bù ú kún. Àwọn tó ṣe é ti mọ irú yín."

Wọ́n fi okùn wọn ibi tí ọkọ̀ yọ̀ dé. Wọ́n ní ká ní àádọ́ta ló wà lóòótọ́, ìbá ti dúró kó tó kan ìyá náà. Wọ́n mú ọkọ mi lọ. Bàtà ẹ̀ kan ṣẹ́ kù sójú títì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á bi mí. Òjò látàárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ wo ìyá náà nílé ìwòsàn. Ìyá Bupe ni wọ́n ń pè é. Bupe ọmọ ẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ga, ó dúdú, ojú ẹ̀ wú.

"Ta lo wá wò?"

"Ìyá yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ wo?"

Mo sọ fún un. Ó wo Sekela lẹ́yìn mi, ó tún wo abọ́ ọwọ́ mi. "Ẹ ti gbá a tán, ẹ wá ń wò bó ṣe ń kú lọ."

Ìyá sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bupe, jẹ́ kó wọlé. Òun kọ́ ló wa ọkọ̀." Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí títí. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ó ti fọ́, ìyá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, ìyá."

"Irọ́ ni wọ́n pa fún ẹ. Àwọn ará Lupalo ti jẹ ẹ́." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora gbá a mú.

Ìbàdí ẹ̀ ló fọ́. Nọ́ọ̀sì ní egungun kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ni. Bí ìyá yìí bá kú, ẹjọ́ ọkọ mi á yí padà, ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mo gbàdúrà fún ìyá lójú ọ̀nà. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mo gbàdúrà fún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Wọ́n ti dá ọkọ̀ padà fún bàbá ọkọ mi, torí òun ló ni ín. Ó buwọ́ lùwé, wọ́n fún un. Ọkọ̀ dé, ọkọ ò dé.

Ọlọ́pàá tó ń yẹ ọkọ̀ wò máa wá lọ́jọ́ Ajé, kó wá wò ó bóyá aago náà dáa. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Aago yẹn ti bàjẹ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Aago ò bàjẹ́.

Mi ò lè dé ibẹ̀ torí bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀ láti ibi tí mo ti ń fọ aṣọ, mo sá wọlé. Ó di ọdún kejì tí wọ́n gbé mi wá sílé yìí, mi ò tíì rí ojú ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo mọ̀, àti bàtà ẹ̀. Àwa ìyàwó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó ń wúkọ́ kó tó dé ibi tá a wà, àwa náà á sì yà kúrò lọ́nà.

Ìyá ọkọ mi ló wá sọ fún mi. "Wọ́n wà á lọ, wọ́n wà á bọ̀, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Aago ní àádọ́ta, tọ́ọ̀ṣì ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Kò sí nǹkan tó ṣe aago."

"Ìyá, ojú mi ni mo fi rí àádọ́ta."

"Ojú ẹ. Ojú ìyàwó tí ọkọ ń dùn mọ́. Sọ fún un kó gbà pé òun sáré, kó bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ náà bímọ."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ wo Ambakisye ní àtìmọ́lé. Ó ti rù. Ó béèrè eyín Sekela, mo ní ó ti di mẹ́ta.

Mo ní, "Ṣé o purọ́ fún mi ni?"

"Ìwọ náà wo aago."

"Mo wò ó."

"Kí lo rí?"

"Àádọ́ta."

"Kí lo wá ń bi mí fún?" Ó wá ní, "Ṣé bàbá ti gba ọkọ̀?"

Mo ní wọ́n ti gbà á, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, aago dáa. Ó ń fi èékánná họ tábìlì. Mo rí i. Bó bá ti ń họ nǹkan báyìí, ó lóhun tó wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Sekela gba abẹ́rẹ́ lónìí. Ọkọ̀ wa náà ló gbé wa, dẹ́rẹ́bà tuntun ló ń fi kó èrò báyìí. Bí mo ṣe fẹ́ wọlé, mo gbé ẹsẹ̀ sókè bí mo ṣe máa ń gbé e, ẹsẹ̀ mi ò kan nǹkan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀. Láti oṣù kìíní tí ẹrẹ̀ ti bo ọ̀nà Lwangwa ni ọkọ̀ yìí ti ga, mo máa ń di ilẹ̀kùn mú kí n tó lè gùn ún. Lónìí ó ti kúrú.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Ìyá Sekela, aago mẹ́jọ àárọ̀ o! Ọtí ti wọlé?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so bàtà. Lókè ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbé yí, irin ibẹ̀ ti bó, ó ń dán, bí ẹni pé nǹkan ńlá kan ti ń fi ara ra á. Ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí kò lè dé ibẹ̀. Ọwọ́ mi wọ àárín méjèèjì, ó tún ku àyè.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń kọ. Ohun róbótó dúdú mẹ́rin yẹn lórúkọ, gbogbo ayé ló ń pè é. Èmi ò lè pè é. Òun náà ni wọ́n fi ń pe bàbá ọkọ mi, láti ayé ìgbà tó jẹ́ òun nìkan ló ń lẹ̀ ẹ́ ní gbogbo àgbègbè yìí. Ìyàwó kan kì í dárúkọ yẹn nílé wa. Nínú ìwé pàápàá, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ bá Anyosisye, mẹkáníìkì oríta. Ìrèké ló ń jẹ.

"Bàbá, ṣé aago ọkọ̀ lè purọ́?"

"Aago? Afọ́jú ni. Kò rí títì rárá. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà." (Orúkọ ẹ̀ gan-an ló pè, èmi ni mo yí i.) "Ó mọ bí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe é mọ́ ṣe tóbi tó. Tó o bá wá wọ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ fún un, ọ̀kan náà ló máa kà á. Ìwọ ti lọ jìnnà, òun ò mọ̀."

"Nígbà náà, ọlọ́pàá tó ní aago kì í bu eré kù…"

"Òótọ́ ló sọ, fún ọkọ̀ tó wọ bàtà ara ẹ̀. Gbogbo aago ló ń fọ́nnu díẹ̀. Ó ní àádọ́ta, o ò pé àádọ́ta. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá yá bàtà wọ̀, fọ́nnu-fọ́nnu á di onírẹ̀lẹ̀." Ó tu ìdọ̀tí ìrèké dànù. "Ta ló ń bi mí? Ìwọ ni, àbí ilé ọkọ ẹ?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Èmi ò sọ nǹkan kan. Ìrèké lo wá bá mi jẹ."

Àmọ́ ó kọ́ mi ní nǹkan. Ó ní kí n wo òkúta onínọ́ńbà tó wà létí títì, kìlómítà kan ló wà láàárín méjì. Tí ọkọ̀ bá wà ní àádọ́ta tòótọ́, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá ni. Mo wọ ọkọ̀ wa padà sílé, mo ń wo aago, mo ń wo fóònù. Aago ní àádọ́ta. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlá. Aago ń fọ́nnu díẹ̀, bí bàbá yẹn ṣe wí.

Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí ọlọ́pàá wò lọ́jọ́ Ajé yẹn kọ́ ni ọkọ̀ tí a wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́rú yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mò ń ti odò bọ̀, mo gbé omi lórí, mo gbọ́ ikọ́. Kò sí igbó lápá ọ̀tún, mo yà sápá òsì, inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ẹ̀. A kì í débẹ̀. Àmọ́ kí n bá a pàdé lójúkojú ńkọ́? Mo wọlé jìnnà, mo rí òkìtì ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, mo jókòó lé e, mo kọ ẹ̀yìn sọ́nà. Òkìtì náà ò wọlé. Ó le, ó tún ń ta mí padà sókè. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ẹrẹ̀ Lwangwa ṣì wà lára wọn.

Ikọ́ ti kọjá. Mo jókòó síbẹ̀ títí omi orí mi fi tutù mọ́ mi lára. Ibi tí ìyàwó ò gbọdọ̀ dé ló kó wọn pamọ́ sí, ìyàwó tó ń sá fún un ló jókòó lé wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ìyá Bupe kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Gbogbo ilé lọ síbi ìsìnkú láti lọ tọrọ àforíjì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ta ló máa gbé ọkọ̀ yẹn lọ síbẹ̀? Mo ní inú ń run Sekela.

Mo ya etí aṣọ ìró mi, mo fi wọn èyí tó wà lára ọkọ̀ yíká, mo ta kókó. Mo lọ sínú oko, mo wọn tibẹ̀, mo ta kókó míì. Ìdíwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àti ààbọ̀ ni èyí fi ju èyí lọ. Mo gbé aṣọ náà dé ọ̀dọ̀ Anyosisye. Kò béèrè ibi tí mo ti wọ̀n ọ́n. Ó fi rúlà wò ó.

"Tí kékeré bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti rin mítà ogún. Tí ńlá bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mítà mẹ́tàlélógún. Aago á ní ogún. Ó ti jẹ mẹ́ta." Ó fi èékánná kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àádọ́ta tí ọkọ ẹ rí, bá a bá yọ ìfọ́nnu kúrò, bá a bá fi ti ẹsẹ̀ ńlá kún un, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

Ohun tí tọ́ọ̀ṣì wí gan-an.

"Bàbá, mẹ́fà péré."

"Mẹ́fà péré ni. Lójú títì tútù, ibi tí ọkọ̀ ìbá ti dúró àti ibi tó dúró sí, yàrá kan ló wà láàárín wọn. Inú yàrá yẹn ni ìyá náà wà."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Ambakisye, mo ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ torí wọ́dà. Mo rò pé inú ẹ̀ máa dùn.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Anyosisye nìkan."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"O mọ̀?"

"Ikupa, ọwọ́ mi ni mo fi bá wọn gbé e wọ ọkọ̀. Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Mi ò mọ̀ pé ó ń yí aago ni. Ibí yìí ni ẹnì kan ti sọ fún mi, dẹ́rẹ́bà tírélà kan."

"Sọ fún adájọ́ nígbà náà!"

"Kí n ní bàbá mi ló pa ìyá àgbà? Kí n ní ó tú u, ó fi pamọ́, ó fi ọlọ́pàá ṣeré? Ó ti dàgbà. Ẹ̀wọ̀n á pa á. Èmi, mo lè ṣe é."

"Èmi ńkọ́? Sekela ńkọ́?"

"Ẹ ó dúró dè mí."

"Ọdún mélòó?"

Ó di ọwọ́ mi mú. "Búra fún mi pé o ò ní sọ ọ́." Mi ò búra. Wọ́dà ní àsìkò ti tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọ́dà yẹn nínú ọkàn mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ìyá ọkọ mi wá jókòó tì mí nídìí ààrò. Ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó, wọ́n ní o máa ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

"Mo lọ béèrè nǹkan ni, ìyá."

"Obìnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀ irin. Ó dáa." Ó bó ọ̀kan tán. "Ewé kan ti ṣí nínú oko bàbá. Ajá ni mo rò pé ó dé ibẹ̀. Ajá ni, àbí?"

"Mi ò mọ̀, ìyá."

"Ajá tó bá tún débẹ̀, ó máa padà sílé ìyá ẹ̀. Ọmọ ajá, ilé wa ló máa wà."

Sekela ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé e, ó fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Àjíǹde. Ìrẹsì Kyela ti di ẹgbẹ̀rún méjì kìló kan. Mi ò rà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Kóòtù. Abẹ́ fèrèsé lẹ́yìn ilé ni mo dúró sí torí bàbá ọkọ mi wà nínú ilé, òun ni wọ́n pè láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Òjò ń ta sí mi lára. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn ẹ̀ dùn, ó jọ ti ọkọ mi.

"Bí mo ṣe ra ọkọ̀ yẹn ló wà, ọ̀gá. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀."

Adájọ́ bi Ambakisye bóyá ó ní ẹlẹ́rìí. Ó ní rárá. Adájọ́ ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ nínú ọkọ̀?" Ó ní rárá.

Rárá. Èmi àti ọmọ ẹ̀, rárá. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé yẹn, omi ń kán láti orí páànù wọ ọrùn mi. Wọ́n sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbọ́ tí ọlọ́pàá kan ń sọ fún èkejì lójú àtẹ̀gùn pé ọdún mẹ́ta ló máa jẹ́, ó kéré jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo wọlé.

Mo fi ìró bo orí, mo di Sekela sẹ́yìn, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, mo kọ ẹ̀yìn sí apá ibi tí ikọ́ yẹn ti ń wá. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi wà nínú ọkọ̀ náà."

Ambakisye ní, "Ikupa, jókòó!"

Adájọ́ ní kó dákẹ́. Ará ìhà adágún ńlá ni adájọ́ yẹn, kò mọ tiwa. Wọ́n fún mi ní Bíbélì, mo búra. Ó ní, "Ìyá, kí ló dé tó o kọ ẹ̀yìn sí ìdajì kóòtù?"

"Bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀, ọ̀gá."

"Ṣé ó máa ń géèyàn jẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tiwa ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní mo rí àádọ́ta lójú aago. Mo ní aago ò purọ́, tọ́ọ̀ṣì ò purọ́, ọkọ mi ò purọ́. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ wo? Sípíríǹgì?"

"Rárá, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Ọlọ́pàá ti yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kò sí sípíríǹgì tí wọ́n pààrọ̀."

"Ohun róbótó yẹn ni, ọ̀gá, èyí tó dúdú."

"Sítíárìn?"

Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Akọ̀wé kóòtù bi adájọ́ pé sítíárìn ni kí òun kọ tàbí sípíríǹgì. Agbẹjọ́rò ní, "Ọ̀gá, obìnrin yìí fẹ́ràn ọkọ ẹ̀, a dúpẹ́, àmọ́ kò mọ ohun tó ń sọ." Adájọ́ náà ti ń gbé ojú kúrò lára mi. Ó ní, "Ìyá, o ṣeun. Lọ jókòó."

Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lẹ́nu mi. Ahọ́n mi wúwo bí ẹni pé èèyàn dì í mú láti ẹ̀yìn. Sekela ń fa irun mi. Mo rò ó pé ọdún mẹ́ta, ọmọ yìí á ti máa sáré.

Mo ní, "Táyà."

Adájọ́ gbójú sókè. Kò sí nǹkan tó ṣe é, ọ̀rọ̀ lásán ni lójú ẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi kígbe bí ẹni tí iná jó.

"Táyà mẹ́rin, ọ̀gá. Ó tóbi ju ti ọkọ̀ lọ. Abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà, lẹ́yìn ilé Táyà. Táyà ló kó o síbẹ̀."

Akọ̀wé dúró. "Táyà ló kó táyà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ọkọ mi ni."

Mo yọ aṣọ oníkókó méjì, mo ṣàlàyé mítà ogún àti mítà mẹ́tàlélógún. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Adájọ́ ní kí ọlọ́pàá lọ wo oko náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́, "Ta ló gbé e wọ ọkọ̀ ní oṣù kìíní?"

Mi ò ronú débẹ̀. Bíbélì ni mo fi búra. Mo wo Ambakisye, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọkọ mi bá wọn gbé e."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Bí mo ṣe ń jáde, mo gbàgbé, mo yíjú. Mo rí bàbá ọkọ mi. Ọkùnrin kékeré kan ni, ojú ẹ̀ kan ti funfun. Ó yára fi fìlà bo ojú. Òun náà ń sá fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ilé ìyá mi ni mo wà. Ìta ni mo bá ẹrù mi lọ́jọ́ náà, nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá mi mú màlúù wá kí wọ́n fi wẹ ilé. Bàbá mi ti kú, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n fi Sekela sílẹ̀ torí ó ń mu ọmú. Wọ́n ní tí mo bá ti já a, wọ́n á wá mú un.

Mi ò ní já a.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìdájọ́. Adájọ́ ní àwọn rí táyà náà, gbogbo ohun tí mo sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé Ambakisye wa ọkọ̀ níwàkuwà, àìbìkítà ni. Ó ní, "Títì ò bá aago ṣe àdéhùn. Ẹni tó di sítíárìn mú ló gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wọ̀ fún ọkọ̀. Ìyàwó ẹ ti jẹ́ ká mọ̀ pé o mọ̀." Ọdún kan.

Bàbá ọkọ mi, oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó ìtanràn. Ó sanwó. Ó ṣáájú mi kúrò ní kóòtù.

Ọdún mẹ́ta ni ìbá jẹ́. Ọdún méjì tí mo gbà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó rí i. Ọ̀kan tó kù ni gbogbo wọn rí, wọ́n sì ní èmi ni mo fún un.

Bupe dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i. Ó ní, "O sọ fún wọn pé ọkọ ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ sáré. Mo gbọ́. Ìyá mi ò mọ̀ọ́mọ̀ kú náà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà

Òjò ti dáwọ́ dúró. Òtútù ti dé. Mo se ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà, mo fi epo tó kù nídìí ìgò sí i, mo gbé e lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà wọlé lọ pe Ambakisye, ó pẹ́ kó tó jáde, òun nìkan ló jáde.

"Ó ní òun ò mọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ikupa. Ó ní ìyàwó òun kì í pe orúkọ bàbá òun."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi gbé oúnjẹ fún un. Ẹ má sọ ẹni tó gbé e wá."

"Ó rí ẹ láti ojú ihò, ìyá."

"Ẹ ṣáà gbé e fún un."

Mo jókòó sábẹ́ ògiri, oòrùn díẹ̀ wà níbẹ̀. Sekela sùn. Nígbà tó ṣe, wọ́dà kan náà gbé abọ́ jáde. Ó ṣófo. Ẹnì kan ti fi ìka nu ìdí ẹ̀ títí kò fi ku ẹyọ ẹ̀wà kan.

Kò fọ̀ ọ́. Kò ránṣẹ́ kankan.